Ẹsẹ̀ Tí Kò Dùn Mí

Ọṣẹ ló kọ́kọ́ tú àṣírí mi. Mo dúró nídìí bésìnì ní balùwẹ̀ ilé wa ní Woodridge, lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, mo ti fi ọṣẹ pa ojú, mo dijú, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì bọ́jú bí mo ti ń ṣe láti kékeré. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ilẹ̀ ti yẹ̀ lábẹ́ mi. Mo na ọwọ́ sí bésìnì, ọwọ́ yọ̀, mo sì fi èjìká gbá ògiri gbàgà. Nígbà tí mo lajú, tí ọṣẹ ń ta mí, mo rí i pé ilẹ̀ ò mì, ilé ò yí, èmi nìkan ni mo wà nílẹ̀. Mo dìde, mo ṣan ojú mi, mo jáde bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Ìbejì, kí ló ṣubú?” Mo ní ike ọṣẹ ni.

Ike ọṣẹ yẹn ṣubú tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ́dún náà.

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ìṣubú ìdí bésìnì kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Láti àwọn ọdún 1840 ni Moritz Romberg, dókítà kan ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì, ti kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn tó jẹ́ pé wọ́n á dúró digbí níwọ̀n ìgbà tí ojú wọn bá là. Ẹ ní kí wọ́n dijú báyìí, wọ́n á máa fì síwá sẹ́yìn bí ọ̀pẹ inú ìjì. Títí di òní, dókítà tó bá fura sí ẹsẹ̀ yín á ní kí ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì kanra, kí ẹ dijú, òun náà á sì na ọwọ́ sílẹ̀ láti gbà yín mú. Ọ̀rọ̀ náà kò le yé ọmọ Yorùbá. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò mẹ́ta ló gbé ìdúró wa: ojú tó ń wo ibi tí a wà, omi inú etí tó ń mọ̀ bí orí bá yẹ̀, àti ẹsẹ̀ tó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé ilẹ̀ nìyí, ó le, ó rọ̀, ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹsẹ̀ tèmi ti jáwọ́ nínú iṣẹ́ tipẹ́. Ojú ni mo fi ń dúró, n ò sì mọ̀, àfìgbà tí ọṣẹ bò ó.

Mo gbọ́dọ̀ sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀bi mi wà. Ìka ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń ṣe mí yẹ̀rẹ̀yẹ̀rẹ̀ lálẹ́, bí ìgbà tí èèrà bá ń rìn níbẹ̀, tàbí bí ìgbà tí ènìyàn bá jókòó pẹ́ lórí ẹní tí ẹsẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó kú lórí ẹní máa ń jí tí a bá nà án. Tèmi ò jí. Nígbà tó yá, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo wọ ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí n kò wọ nǹkan kan. Ìbọ̀sẹ̀ tí kò sí yìí wá ń gùn sókè, ó kúrò ní ìka, ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn pé iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára láti ìka ẹsẹ̀ lọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn ló gùn jù nínú ara, ó tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà òun ni ìyà kọ́kọ́ ń jẹ. Mo ní ó yé mi. Ní àdúgbò wa nílé, ilé tó wà nípẹ̀kun wáyà NEPA ni iná rẹ̀ ń kọ́kọ́ ṣe bàìbàì.

Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ, èyí tí a ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ń lo metformin lọ́jọ́ tí mo bá rántí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìkẹ́rùsí, orí kọnkéré láti alẹ́ dé ìdájí, mo sì gbà pé kọnkéré ló ń pa ẹsẹ̀ mi. Ohun tó tàn mí jẹ jù ni pé kò dùn mí. Àwa Yorùbá, bí a bá bi ara wa pé “Ṣé ara le?”, ohun tí à ń béèrè ni bóyá nǹkan kan ń roni. Ẹni tí orí ń fọ́ á sọ. Ẹni tí inú ń run á ké. Kí ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan yóò wí? Ṣé yóò lọ bá dókítà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ mi ò dùn mí”? Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́. Eegun kan tó máa ń ta mí ní gìgísẹ̀ láti ọdún pípẹ́ ti dákẹ́, mo ní Olúwa ti wò mí sàn.

Woodridge kì í ṣe Chicago gan-an. Ìlú kékeré ni ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ní DuPage County, ó fi bí ogójì kìlómítà jìnnà sí àárín ìgboro. Ọdún 1959 ló di ìlú tó ń dá ìjọba ara rẹ̀ ṣe, kò sì dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé ibẹ̀ lọ. Ara òkè onígi tó kọjú sí àfonífojì odò DuPage ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ilẹ̀ tó ń gùnkè tó ń sọ̀ báyìí á dùn mọ́ ọn. Èmi ò tètè mọ̀ pé mo ti ń fi ọwọ́ kan ara mọ́tò bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà ilé wa, bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn nídìí àga.

Ní oṣù December kan, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò lálẹ́, mo gbé iṣu àti àpò gàrí tí mo rà. Yìnyín ti bo ilẹ̀. Mo wọlé, mo gbé ẹrù sílẹ̀, mo ń bá àwọn ọmọ ṣeré. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀, kò wò mí lójú.

“Bàbá Ìbejì, bàtà yín kejì dà?”

Mo wo ẹsẹ̀ mi. Sílípáàsì wà ní ti òsì. Ní ti ọ̀tún, ìbọ̀sẹ̀ tó ti rin gbingbin ló wà níbẹ̀, yìnyín lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ wa kan jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ó rí bàtà náà nínú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ó kọjú sí ilé bí ajá tó ń dúró de olówó rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ojú ẹsẹ̀ lásán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú bàtà, ọ̀kan fẹ̀, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́. Mo ní ìkánjú ló fà á. Ìyàwó mi ò dá mi lóhùn. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí n lọ yẹ ẹsẹ̀ wò. Èmi ni mo ń sọ pé a ò ní torí pé ẹsẹ̀ ò dùn ká lọ sanwó fún dókítà Amẹ́ríkà.

Dípò dókítà, mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹ̀gbọ́n kan nínú ìjọ ní òtútù ló wọ egungun, ó fún mi ní àdí àti ìpara kan tó ń ta bí ata. Ó ta gbogbo èèyàn tó fọwọ́ kàn án, àfi èmi. Òmíràn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí n rántí ẹni tí mo bá ṣe aáwọ̀ nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, bóyá mo fẹsẹ̀ tẹ nǹkan. Ẹ̀kẹta ló jọ ọ̀mọ̀wé jù, òun náà ló sì fẹ́ẹ̀ ṣe mí ní jàǹbá jù: ó ní fítámì ni iṣan ń fẹ́. Mo ra ìgò ńlá kan tí wọ́n kọ B6 sí lára, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Nígbà tí n kò rí ìyàtọ̀, mo sọ ọ́ di méjì méjì.

Fítámì B6 yìí dára fún iṣan, lóòótọ́ ni, níwọ̀nba. Bó bá ti pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ ń ba iṣan jẹ́. Ní 1983, Herbert Schaumburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn nípa àgbàlagbà méje ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń gbé gíráàmù 2 sí 6 mì lójúmọ́. Ẹsẹ̀ wọn kú, ìrìn wọn dàrú, àwọn kan ò lè rìn láìsí ọ̀pá, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ sípò nígbà tí wọ́n jáwọ́. Ìwọ̀n tèmi kò tó tiwọn rárá. Síbẹ̀ ẹ wo ọgbọ́n tí mo gbọ́n: ilé ń jó, mo ń da nǹkan sí i láìwo ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì.

Ẹni tó bá wà ní Chicago lọ́jọ́ 30 oṣù January 2019 ò ní gbàgbé. Òtútù já sí 23 lábẹ́ òdo ní ìwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 31 lábẹ́ òdo ní ìwọ̀n Celsius. Ilé ìwé wà ní títì, àwọn tó ń pín lẹ́tà pàápàá jókòó sílé. Mo gbé hítà kékeré kan sídìí àga, mo na ẹsẹ̀ sí i, mo tan fíìmù Yorùbá kan. Àwọn àgbà ní ẹnìkan kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Wọn ò sọ ti ìdí ẹsẹ̀, mo sì sùn lọ fọnfọn.

Òórùn ló jí mi. Mo ní kí ìyàwó mi má jẹ́ kí pọ̀nmọ́ tó ń sun jó mọ́ iná. Láti inú yàrá ló ti dáhùn pé òun ò sun pọ̀nmọ́ kankan.

N ò ní ròyìn ohun tí a rí nígbà tí a bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé títí a fi dé ọsibítù, títí wọ́n fi ń gé awọ tó ti jóná kúrò, n ò mọ nǹkan kan lára. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo alápatà. Ẹ̀rù ò tíì bà mí báyẹn rí láyé mi. Ìka méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. Wọn ò gé wọn, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gbé ẹsẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

Dókítà ẹsẹ̀ tó tọ́jú mi, obìnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan, mú okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó jọ okùn ìwọ̀ apẹja. Wọ́n ṣe é débi pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, á tẹ̀ kọdọrọ bí agbára tó wà lórí rẹ̀ bá ti tó gíráàmù 10. Ẹni tí kò bá mọ ìyẹn lára ti pàdánù ohun tó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní kí n dijú, kí n sọ “bẹ́ẹ̀ ni” nígbàkigbà tó bá kàn mí. Mo dijú. Mo dúró. Mo tún dúró. Nígbà tó pẹ́, mo ní kó bẹ̀rẹ̀ o, mo ti ṣetán. Ó ní òun ti parí.

Ọ̀dọ̀ àwọn adẹ́tẹ̀ ni ọgbọ́n okùn ọ̀rá yìí ti wọ ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Paul Brand, tí wọ́n bí sí Íńdíà ní 1914, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Vellore láàrin àwọn tí ẹ̀tẹ̀ ń bá jà, kó tó wá sí ọsibítù àwọn adẹ́tẹ̀ ní Carville, ní Louisiana, ní 1966. Nígbà tó dé Vellore, gbogbo ayé, títí kan àwa nílé, gbà pé ẹ̀tẹ̀ ló ń jẹ ìka. Brand rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára ni ẹ̀tẹ̀ ń pa. Àwọn nǹkan ojoojúmọ́ ló ń jẹ ìka: ìkòkò gbígbóná, ìṣó inú bàtà, ọgbẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ rìn. Àwọn kan á jí láàárọ̀, ìka á ti dín, wọn ò sì mọ ohun tó mú un. Ìgbà tí wọ́n ṣọ́ wọn lóru ni wọ́n rí i pé eku ló ń jẹ ẹ́, ẹni tó ń sùn ò sì mọ̀. Láti ìgbà náà, aláìsàn tó bá ń lọ sílé ní láti mú ológbò dání. Nígbà tí dókítà sọ ìtàn ológbò yìí fún mi, ó rò pé màá rẹ́rìn-ín. Hítà mi ni mo ń rò.

Bí mo ṣe dùbúlẹ̀ lóṣù mẹ́ta yẹn, obìnrin arúgbó kan ń wá sí mi lọ́kàn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìjẹ̀bú, ó ń gbé ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Bó bá ń rìn, á gbé ẹsẹ̀ sókè ju bó ti yẹ lọ, á sì sọ ọ́ mọ́lẹ̀ gbì, gbì, ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Ojú náà ò tún ríran dáadáa, etí rẹ̀ sì ti le. Àwa ọmọdé á tò sẹ́yìn rẹ̀, a ó máa gbẹ́sẹ̀ gbì, gbì. Àwọn àgbà ní ó tẹ oògùn. Ẹnikẹ́ni ò bi í pé kí ló ń ṣe é. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i lójú ọ̀nà Woodridge, lórí pákó ilé mi, lábẹ́ èmi fúnra mi.

Àṣé wọ́n mọ̀ nípa irú àìsàn rẹ̀ ní Ìbàdàn nígbà náà. Benjamin Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí Èkìtì tí wọ́n bí ní 1935, tó kàwé ní Christ's School Adó-Èkìtì, di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó ń rí àwọn aláìsàn tó ń wá láti agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú: ẹsẹ̀ wọn kú, ìdúró wọn ò múlẹ̀, ojú ń ṣú, etí ń di. Ní 1968 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ Brain, ní London. Ohun tó ń fura sí ni ohun tí gbogbo Ìjẹ̀bú fi ń yangàn: gàrí. Ẹ̀gẹ́ tútù ní nǹkan kan nínú tó ń di sáyánáìdì, tí í ṣe májèlé. Bíbó rẹ̀, rírìn ín, dídì í sápò fún ọjọ́ mélòó kan, fífún un àti yíyan án ló ń lé e jáde, díẹ̀ sì lè ṣẹ́ kù. Ọ̀ṣúntókun rí ohun tí ara ń sọ sáyánáìdì dà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn náà, ó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àwọn èròjà inú ẹran àti ẹja tí ara fi ń bá májèlé náà jà sì kéré lára wọn. Òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ fi fítámì B12 àti riboflavin tọ́jú wọn lọ́nà ìdánwò. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ìlú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹyọ lemọ́lemọ́ nínú ìwádìí àìsàn náà ni Òsósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Hubert Ògúńdé, baba eré orí ìtàgé, ló sọ ìlú náà di mímọ̀ fún ọ̀pọ̀ wa. Àwọn oníṣègùn mọ̀ ọ́n fún ohun mìíràn. Ní 1969, wọ́n bá àìsàn náà lára nǹkan bí ènìyàn méjì nínú ọgọ́rùn-ún níbẹ̀. Nígbà tí O. S. A. Olúwọlé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà lọ, tí wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní 2000, wọ́n yẹ ènìyàn 3,428 wò tó ti pé ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n bá a lára 206. Ìyẹn jẹ́ mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ti àwọn obìnrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọkùnrin. Ọgbọ̀n ọdún ti kọjá, Nàìjíríà ti rí owó epo, ti ná an tán, àìsàn náà ń pọ̀ sí i lára àwọn ìyá wa.

Ẹ má tíì da gàrí yín nù. Olúwọlé kan náà lọ sí ibòmíràn tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ gan-an, tí sáyánáìdì sì pọ̀ lára wọn, àìsàn náà ò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ẹjọ́ ṣì wà nílé ẹjọ́. Èrò tèmi ni pé oúnjẹ kan ṣoṣo láti àárọ̀ dé alẹ́, láìsí ẹran, láìsí ẹja, ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù, ohun yòówù kí oúnjẹ náà jẹ́. Ọ̀ṣúntókun ò dúró wo ìparí ẹjọ́ náà. Ó kú ní 1995, nígbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá mìíràn pẹ̀lú àwọn oníṣègùn Indianapolis, tó fi nǹkan bí ìrìn wákàtí mẹ́ta ní mọ́tò jìnnà sí wa, lórí àrùn ìgbàgbé lára àwọn àgbà Ìbàdàn àti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Arúgbó àdúgbò wa ti kú ṣáájú kí n tó gbọ́ orúkọ Ọ̀ṣúntókun. N ò mọ ẹni tí mo lè bẹ̀ báyìí.

Mo ti ń gbèrò àtidi ẹjọ́ tèmi ru gàrí, ṣùgbọ́n dókítà ò gbà fún mi. Ó ní ṣúgà tí mo fi sílẹ̀ fọ́dún mẹ́sàn-án ló jẹ iṣan náà. Àtọ̀gbẹ ló ń fa irú rẹ̀ jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ó tún ní metformin tí mò ń lò, bó ti dára tó, lè dín fítámì B12 kù lára ẹni tó bá pẹ́ lórí rẹ̀, àìtó B12 nìkan sì tó láti pa ẹsẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń fi í hàn. Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe é fún mi rí, torí pé n kì í lọ. Tèmi lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ rẹ̀, mo ju ìgò B6 sínú ààtàn, mo sì ń lo oògùn ṣúgà bí ẹni tó ń san gbèsè. Ìbọ̀sẹ̀ tí kò sí yẹn ti dúró ní ọrùn ẹsẹ̀, kò gòkè mọ́. Kò sì sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó ṣòro fún mi jù lọ láti fi sílẹ̀ ni mọ́tò. Lójú ọ̀nà I-355 ni mo ti rí i lọ́jọ́ kan pé mo ní láti wo ẹsẹ̀ mi kí n tó mọ̀ bóyá orí búrẹ́kì ló wà, ọkọ̀ akẹ́rù sì wà níwájú mi. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo tan iná ìkìlọ̀, mo pe ìyàwó mi. Láti ọjọ́ náà, èrò ọkọ̀ ni mí. Ẹni tí ń fi àgbà yangàn nínú ìjọ wá ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ọmọdé wá gbé e. Ó ta mí, mi ò ní purọ́. Ìyẹn ta mí ju iná hítà lọ.

Ẹni tó kọ́ mi ní ìrìn, obìnrin kan tó ń kọ́ni ní eré ìdárayá ìwòsàn, fi fíìmù ọkùnrin kan hàn mí, Ian Waterman, tó ń ṣiṣẹ́ ní ìsọ̀ ẹran ní erékùṣù Jersey. Ní 1971, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún, ibà kan mú un. Nígbà tí ibà lọ, kò mọ ibi tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wà mọ́, láti ọrùn dé ilẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìròyìn kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó fi ojú kọ́ ara rẹ̀ ní ìjókòó, ó fi ojú kọ́ ìdúró àti ìrìn, ọ̀pọ̀ oṣù ló gbà á. Bí iná bá kú lójijì, á ṣubú lulẹ̀. Ìdá kékeré nínú tirẹ̀ ni tèmi, ojú tó fi là á já náà sì ni wọ́n ní kí n lò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Nítorí náà iná kì í kú nílé wa lóru mọ́, ní kọ́rídọ̀ àti ní balùwẹ̀. Ìyàwó mi ká àwọn ẹní kéékèèké kúrò nílẹ̀, ó kan irin sí ara ògiri. N kì í wọ sílípáàsì. Bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀ ni, mo sì gbọ́dọ̀ gbọn ọ́n, kí n ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí n tó wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kan mo bá ohun ìṣeré ọmọ ọmọ wa níbẹ̀, tó le bí òkúta. Ìgbọ̀nwọ́ ni mo fi ń tọ́ omi gbígbóná wò. Mo ní ọ̀pá, mo kọ́kọ́ ń tì í mọ́ inú mọ́tò kí wọ́n má rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní báyìí àwọn ọmọdé ló ń bá mi gbé e.

Lálẹ́, ìyàwó mi á gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, á yẹ̀ ẹ́ wò láàrin ìka kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà. Bó bá tán, á ní kí n dijú, kí n sọ ìka tí òun dì mú. Lánàá, mo ronú dáadáa, mo ní ti àárín.

“Bàbá Ìbejì, mi ò tíì fọwọ́ kàn yín.”

Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀, mo fẹ̀yìn ti ògiri nídìí bésìnì, mo fi ọwọ́ kan di irin mú, mo sì ń fọ ojú kan lẹ́ẹ̀kan, kí èkejì lè máa bá mi wo ilẹ̀. Ọṣẹ máa ń wọ èyí tó là, á sì máa ta mí. Mo máa ń jẹ́ kó ta.